Ilé ni máígàádì ń ṣọ́, olè ló ń lé: ìdáhùn lórí "ward off"

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n fún wa ní ìwé ìkéde kan lédè Òyìnbó pé ká tú u sí Yorùbá fún àwọn aboyún àti ìyálọ́mọ. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ni 'Sleep under a treated net every night to ward off mosquitoes.' Mo wo ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí i pé 'ward' ni kéèyàn ṣọ́ nǹkan tàbí kó dáàbò bò ó. Ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé, 'Ẹ máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn lálaalẹ́ láti dáàbò bo ẹ̀fọn.' Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní 'dènà ẹ̀fọn' ló yẹ kí n kọ. Ẹlòmíràn ní 'prevent' ni dènà, kì í ṣe 'ward off'. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni 'ward off' gan-an? Ṣé òun náà ni 'prevent' àti 'stave off'? Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?"

Àbúrò mi, fi ẹ̀rín wọn sílẹ̀. Àṣìṣe tó lọ́gbọ́n nínú ni tìrẹ. Ìwé atúmọ̀ èdè tí o wò kò parọ́ fún ọ, o kàn fojú fo ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé "ward" ni. "Off" yẹn kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló yí gbogbo gbólóhùn náà lójú padà.

Bí o bá dé iwájú ilé ńlá kan ní Ìkẹjà tàbí ní Bódìjà, ta lo máa kọ́kọ́ bá pàdé? Máígàádì ni. Bí o bá bi mí pé kí ni máígàádì ń ṣọ́, màá ní ilé ni, àti àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀, àti mọ́tò tó wà nínú ọgbà. Bí o bá bi mí pé kí ló ń lé, màá ní olè ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni, lóru ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kan náà lọ́wọ́, síbẹ̀ ìbéèrè méjèèjì kò ní ìdáhùn kan náà. "Ward" nìkan, ilé ló kọjú sí. "Ward off", olè ló kọjú sí. Ìwọ wá lọ fi ẹ̀fọn sípò onílé! Ohun tí gbólóhùn rẹ ń sọ fún aboyún ni pé kó tètè wọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì kí nǹkan kan má baà ṣe ẹ̀fọn.

N ò ṣèèṣì mú máígàádì ṣàpẹẹrẹ o. Ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, "mai gadi", ẹni tó ni iṣẹ́ ìṣọ́. Hausa náà sì yá "gadi" láti inú "guard" ti Òyìnbó. "Guard" yìí àti "ward" wá jẹ́ ọmọ ìyá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà lẹ́nu àwọn ẹ̀yà tí Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì ti ṣẹ̀ wá, ìṣọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ṣí lọ sí England gbé tiwọn dání, wọ́n ń pè é ní "weard". Àwọn ìbátan wọn mìíràn wọ ilẹ̀ Faransé, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ kò gba "w" yẹn dáadáa, wọ́n sọ ọ́ di "g", ó di "garder". Àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun England lọ́dún 1066, ọ̀rọ̀ Faransé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, "guard" náà wọlé, ó bá "ward" ọmọ ìyá rẹ̀ nílé. Ìdí nìyẹn tí "warden" àti "guardian" fi jẹ́ bí ìbejì, tí "warranty" àti "guarantee" náà fi jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, lábẹ́ ìjọba tó ń sọ Faransé, "gardien" ni àwọn máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń pe ẹni tí àwa ń pè ní máígàádì. Ọ̀rọ̀ kan ló gba ọ̀nà méjì dé ẹnu géètì Yorùbá.

"Weard" yẹn bí ọmọ púpọ̀. "Steward" ni olùṣọ́ ilé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá adelé wa mu délẹ̀délẹ̀. "Lord", tí a fi ń pe Ọlọ́run nínú Bíbélì Òyìnbó, "hlāfweard" ni nígbà ìwáṣẹ̀, olùṣọ́ búrẹ́dì, ẹni tí oúnjẹ ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀. Wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ni ibi tí wọ́n kó aláìsàn sí tí wọ́n ń ṣọ́ wọn. Wọ́ọ̀dù tí a ti ń dìbò, apá ìlú tí wọ́n fi sábẹ́ ìṣọ́ ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀. Nílé ẹjọ́, ọmọ aláìlóbìí tí wọ́n fi sábẹ́ àbójútó àgbàlagbà, "ward" ni wọ́n ń pe ọmọ náà fúnra rẹ̀. Wo gbogbo wọn dáadáa: ohun tí à ń ṣọ́ ni wọ́n gbájú mọ́, kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè rẹ jàre.

"Off" ló mú ọ̀tá wọlé. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, "off" lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ń sọ pé kí nǹkan kúrò lára, kó jìnnà. "Fight" ni jà, "fight off" ni kí o jà títí ẹni tó wá bá ọ jà fi sá. "Scare" ni dẹ́rù bà, "scare off" ni kí ẹ̀rù yẹn lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ward off": ìṣọ́ tó mú kí nǹkan aburú tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni má lè dé ibi tó ń lọ.

O rí àgbébọ̀ adìẹ tí àṣá ń rà bàbà lórí àwọn ọmọ rẹ̀? Ó máa na ìyẹ́ méjèèjì, ó máa kó àwọn òròmọdìẹ sábẹ́ rẹ̀. Dídáàbò bò nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́: ààbò ni a fi bo nǹkan, ohun tí a bò náà ni a sì ń dárúkọ lẹ́yìn "bò". Ṣùgbọ́n adìẹ yẹn kò ní dákẹ́ síbẹ̀. Ó máa gbé ọrùn sókè, ó máa ké, ó máa fò sí àṣá bí ó bá sún mọ́lẹ̀. Èyí tó kọjú sí àṣá yìí ni "ward off". Ìyẹ́ wà fún ọmọ, ẹnu àti èékánná wà fún àṣá. Àwọn baba wa ti fi ọ̀rọ̀ àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn akọni ogun Ọ̀yọ́ Ilé, sọ ọ́ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ní í fi í gbọgbẹ́. Gba ìyẹn mú. Ẹni tó bá ń "ward off" nǹkan, ojú rẹ̀ àti ojú nǹkan náà ṣe mẹ́rin.

Ibí yìí ni òun àti "prevent" ti pínyà. "Prevent", ọ̀rọ̀ Látìn ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí nípìlẹ̀ ni kéèyàn ṣáájú dé. Nínú Bíbélì Òyìnbó ti ọdún 1611, bí o bá ṣí 1 Tẹsalóníkà 4:15, o máa rí "prevent" níbẹ̀, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìdènà. Ó ń sọ pé àwọn alààyè kò ní ṣáájú àwọn tó ti sùn. Ìtumọ̀ ti òde òní ti inú rẹ̀ yọ: o ti débẹ̀ ṣáájú nǹkan náà, o ti ba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́, kò tiẹ̀ ní ṣẹlẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń "prevent" àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Gbígbá gọ́tà àti dída omi inú táyà jíjẹrà nù ń "prevent" ibà. Ẹ̀fọn kankan ò tíì kùn létí ẹnikẹ́ni nígbà tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Lóru, nígbà tí ẹ̀fọn ti ń kọrin tó ń wá ibi tó máa bà sí, tí nẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kó rí ẹran ara, "ward off" nìyẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń kọ ọ́ dáadáa lédè Gẹ̀ẹ́sì, nẹ́ẹ̀tì "wards off" ẹ̀fọn, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ "prevents" ibà. Jàǹbá mọ́tò, "prevent" ni a ń lò fún un, torí jàǹbá kì í dúró lọ́nà kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ bí àṣá. Ìgbájú tí wọ́n ti jù sí ọ, o ò lè "prevent" rẹ̀ mọ́, ó ti pẹ́ jù. Apá lo máa gbé sókè láti fi "ward it off".

Ìyàtọ̀ kejì fara sin díẹ̀, àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an sì máa ń ṣìnà níbẹ̀. Bí mo bá kọ "prevent", mo ti fọwọ́ sí i pé nǹkan náà ṣiṣẹ́. Bí mo bá kọ pé ẹnì kan ṣe nǹkan "to ward off" aburú, ohun tó ní lọ́kàn ni mo sọ, mi ò sọ pé ó ṣiṣẹ́, mi ò sì sọ pé kò ṣiṣẹ́. Wo ibà fúnra rẹ̀. "Malaria", láti èdè Ítálì, afẹ́fẹ́ burúkú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn ará Yúróòpù fi gbà pé afẹ́fẹ́ irà ló ń fà á, wọ́n á ti fèrèsé pa lálẹ́ "to ward off malaria". Gbólóhùn yẹn tọ̀nà ní Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn ló yẹ kí wọ́n máa sá fún. Ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Bí o bá fi "prevented" sípò "ward off" nínú gbólóhùn nípa fèrèsé yẹn, o ti purọ́ mọ́ ìtàn.

Ó wá kan dènà. Ọmọ kíláàsì rẹ tó ní kí o kọ dènà kò jìnnà sí òtítọ́. Ọ̀rọ̀ tó ga ni dènà, ara òun àti "ward" sì jọra ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. "Dè" inú rẹ̀ ni "dè" inú adelé, ẹni tó ń ṣọ́ ilé de onílé. Adènà ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó dènà de èèyàn ti lúgọ sójú ọ̀nà tó mọ̀ pé onítọ̀hún máa gbà. Kò túmọ̀ sí dínà gan-an. Ẹni tó dínà gbé igi lé ojú títì, ó sì lè lọ sùn, ṣùgbọ́n ẹni tó dènà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti sọ "ìdènà àrùn" di ti "prevention", ó sì ti jókòó síbẹ̀. Mi ò ní sọ pé "dènà ẹ̀fọn" kò dára. Ohun tí mo máa sọ ni pé kò sí ìyá kankan tó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. "Ẹ wọ inú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀fọn má baà jẹ yín," ohun tó máa sọ nìyẹn.

Ìyẹn gan-an sì ni ọgbọ́n títú "ward off" sí Yorùbá. Òyìnbó fẹ́ràn kí gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Ní tiwa, a sábà máa ń ya ìṣe àti ohun tí à ń sá fún sọ́tọ̀, a ó fi "kí … má baà" so wọ́n pọ̀. "She pulled the shawl round her to ward off the cold": ó fa ìborùn mọ́ra, kí òtútù má baà mú un. "He raised his arm to ward off the blow": ó fi apá gba ìgbájú náà. Wo èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Òyìnbó ní ó lé ìgbájú lọ, àwa ní ó gbà á. Ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ, ibi tí a dúró wò ó ló yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹranko tàbí kòkòrò, lé jìnnà wà nílẹ̀, bí a ṣe ń wí pé ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ká tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Bí ó bá jẹ́ aburú tí ojú kò rí, yẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa: kí ibi yẹ̀ lórí ilé wa. Láti inú yẹ̀ yìí ni a ti rí ayẹta, oògùn tí ọdẹ àti jagunjagun ń wọ̀ kí ọta má baà bà wọ́n. Ìwé Òyìnbó máa ń pè é ní "a charm to ward off bullets", mo sì gbà pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Èyí tí wọn kì í túmọ̀ dáadáa ni ti orúkọ àbíkú, jẹ́ kí n sọ ọ́ torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, o máa ń rí i pé wọ́n ń sọ àwọn orúkọ náà "to ward off abiku". Gbọ́ àwọn orúkọ ọ̀hún: Málọmọ́. Dúrójayé. Dúrósinmí. Bánjókòó. Ta ni wọ́n ń bá wí? Ọmọ tó wà lọ́wọ́ ni. A kì í sọ fún ẹni tí à ń lé pé kó dúró, kó bá wa jókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni, àní ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí lílé kankan. Ẹni tó bá kọ "ward off abiku" ti sọ ìyá tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ di ìyá tó ń lé e síta. "To ward off death" ni ì bá kọ, ìyẹn ì bá bọ́ sí i, torí ikú ni à ń ṣọ́ ilẹ̀kùn dè. Àwọn orúkọ mìíràn tiẹ̀ wà tó sún mọ́ "ward off" lóòótọ́, nítorí wọ́n gba orí ọmọ kọjá, ikú gan-an ni wọ́n ń dá lóhùn. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a máa fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ o, pa dà. Àkísàátán: àkísà tí a fi ń di òkú ti tán nílé yìí. Ọba kan tó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851, Kòsọ́kọ́ lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ orúkọ náà mọ ohun tó ṣeé ṣe kí ojú ìyá rẹ̀ ti rí.

Ààlè náà yàtọ̀. Bí àgbẹ̀ bá fi ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa kọ́ sára igi ìdáná tó kó jọ sétí oko, ìkìlọ̀ ló fi síbẹ̀ fún ẹni tó bá lójú. "Warn off" ni Òyìnbó ń pe ìyẹn, pẹ̀lú "n". Lẹ́tà kan ló yà á sọ́tọ̀ sí "ward off", mo sì ti rí i tí wọ́n ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ìwé ìròyìn. "Warn off", o bá olè sọ̀rọ̀, ó gbọ́, ó yà. "Ward off", ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ó yá, "stave off". Mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dára létí. Igi ni "stave". "Staff" ni ọ̀pá, bí wọ́n bá pọ̀ wọ́n á di "staves", bí "leaf" ṣe ń di "leaves". Nígbà tó yá ni wọ́n tún yọ "stave" jáde láti inú "staves" bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ní London, láyé Ọbabìnrin Elizabeth kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀, eré kan wà tí wọ́n ń ṣe ní Southwark, ní òdìkejì odò Thames. Wọ́n á so béárì mọ́ òpó, wọ́n á tú ajá sí i, ìlú á pé lé wọn lórí. Bí ó bá tó àkókò kí ajá sinmi, àwọn tó ń bójú tó eré á fi ọ̀pá tì wọ́n sẹ́yìn. Títì sẹ́yìn yẹn ni "stave off". Wọn ò pa ajá, wọn ò lé e lọ sílé. Ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń gbó, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún máa padà wá. Ọdún 1835 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí eré náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún wa.

Òórùn ọ̀pá yẹn kò tíì kúrò lára "stave off" títí dòní. Ohun tí o bá "stave off", o sún un síwájú ni, o ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ebi ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ẹni tó mu gààrí ní agogo mẹ́rin, tó ń dúró de àmàlà alẹ́, ó "stave off" ebi, ó fi gààrí dá ebi dúró. Gbèsè náà ń gba "stave off": o san èlé oṣù yìí, olówó lọ, ó di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn wa fẹ́ràn "avert" bí ìjọba bá ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣèpàdé kí ìyanṣẹ́lódì má baà wáyé. "FG moves to avert strike" ti di orin. "Avert" ni kí nǹkan yẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ti kàwé ní yunifásítì ìjọba nílẹ̀ wa mọ̀ pé "stave off" ló yẹ kí wọ́n máa kọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún náà, oṣù mẹ́jọ gbáko, nígbà tí wọ́n sì padà, "suspend" ni wọ́n kọ, wọn ò kọ "call off". Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí "off" ń ṣe.

Méjì mìíràn kù tí o máa bá pàdé, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. "Fend off": "defend" ni wọ́n gé lórí. Fẹ́ńdà mọ́tò tí àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà ń tún ṣe, inú rẹ̀ ló ti jáde, àti táyà tí wọ́n ń so sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi kó má baà fara gbá èbúté. Lílo ọwọ́ ti nǹkan dànù bó ṣe ń dé ni, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí agbẹnusọ ìjọba ṣe ń "fend off" ìbéèrè àwọn oníròyìn. "Head off" ni kí o sáré gba iwájú nǹkan kí o ṣẹ́rí rẹ̀ padà, bí darandaran ṣe ń ṣe sí màlúù tó ń lọ sóko olóko. Èdè méjèèjì dárúkọ orí níbẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó nínú gbólóhùn kò le fún ọmọ Yorùbá, bí a bá rántí pé tiwa náà ń là sí méjì. Bàjẹ́ ń di "ba ilé jẹ́", tànjẹ ń di "tàn án jẹ". Ohun tí à ń ṣe nǹkan sí ń jókòó sáàárín. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ohun náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ̀yìn "off" ló sábà máa ń wà: "ward off mosquitoes", "ward off evil". Bí ó bá jẹ́ arọ́pò orúkọ, àárín ló gbọ́dọ̀ wà: "ward them off", "ward it off". "Ward off them" kò dùn létí ẹnikẹ́ni. Má sì fi "from" tàbí "against" tẹ̀lé e. Mo ti máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó pọ̀ tí wọ́n kọ "ward off from malaria", mo sì mọ ibi tí wọ́n ti rí i: wọ́n da "protect from" àti "guard against" pọ̀ mọ́ ọn. "Protect" ń dárúkọ ẹni tí à ń ṣọ́ kó tó fi "from" mú ọ̀tá wá: "The net protects the baby from mosquitoes." "Ward off" kò fún ọmọ náà níjòókòó rárá, ẹ̀fọn nìkan ló ráyè.

Pe "ward" bí o ṣe ń pe wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Bí o bá pè é bí "word", ẹni tó gbọ́ ọ máa rò pé ọ̀rọ̀ lò ń sọ. Ṣọ́ra fún "wear off" náà, pàápàá nínú iṣẹ́ tìrẹ: bí oògùn bá "wears off", agbára rẹ̀ ti ń tán lára aláìsàn, ìrora ń padà bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì lè fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ tí kò yẹ.

Àti pé, láàárín èmi àtìrẹ, ẹni tó kọ ìwé ìkéde yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló kọ́kọ́ ṣe wá. Èdè ìwé ni "ward off". Òyìnbó tó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé kì í sábà lò ó, "keep the mosquitoes away" ló máa sọ. Aboyún tó jókòó sórí báǹṣì láti àárọ̀, tí wọn ò tíì pe nọ́ńbà rẹ̀, kò nílò èdè ìwé. Bí iṣẹ́ yẹn bá jẹ́ tèmi, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: "Ẹ máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì olóògùn lálaalẹ́, kí ẹ̀fọn má baà rí yín jẹ." Bí ọ̀gá yín bá ní dandan kí ọ̀rọ̀ "lé" hàn níbẹ̀ torí "off", kọ ọ́ pé "nẹ́ẹ̀tì olóògùn ń lé ẹ̀fọn jìnnà", kó wà ní ìlà tirẹ̀ lókè, kí ìlà àkọ́kọ́ yẹn wá tẹ̀lé e.